Ìtàn omi tó wà lójú síkéèlì: bí wọ́n ṣe mú un kúrò lórí iná wá sínú ọjà

Voice note admin, alẹ́ Sunday. A tẹ̀ ẹ́ jáde fún àwọn tí data wọn kò gbé ohùn.

  Admin yín ni o, láti Angwan Rogo níbí. NEPA ti mú iná lọ, ẹ má bínú tí ẹ bá ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò mi lẹ́yìn ohùn mi.

Ọ̀rọ̀ ìtàn la máa ń sọ ní Sunday, ìtàn náà la ó sọ lónìí. Àmọ́ kì í ṣe ìtàn ọba, kì í ṣe ìtàn ogun. Omi kan ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀, omi tó wà láàárín gíláàsì méjì lójú kakulétọ̀, lójú aago ọwọ́, lójú síkéèlì, lójú mítà iná, lójú ẹ̀rọ tí àwọn àgbà wa fi ń wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Ṣé ẹ mọ àwọn nọ́ńbà dúdú tó máa ń hàn lórí ojú tó dà bí eérú yẹn? Omi ló ń kọ ọ́. Mo ti ń ta aago àti kakulétọ̀ ní Terminus láti ìgbà tí ọjà ńlá ṣì wà, kí iná tó jó o ní 2002, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ oúnjẹ mi ni.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tó fà á. Ẹ rí bí ilé yìí ṣe gbóná lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa tó ń ta Áíríìṣì ní Farin Gada ra síkéèlì lọ́wọ́ arákùnrin wa kan nínú ẹgbẹ́ yìí kan náà. Láàárọ̀, síkéèlì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Tó bá ti di aago kan ọ̀sán, gbogbo ojú ẹ̀ á dúdú kirikiri, bí ẹni da yíǹkì sí i, kò ní sí nọ́ńbà tí èèyàn lè kà. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ó tún ti là. Ẹ gbọ́, ẹni tó ń fi kílò tajà, tí ojú síkéèlì rẹ̀ ń dúdú lójú oníbàárà, kí ni wọ́n máa sọ? Wọ́n ní ó ń pa ojú ẹ̀ dé kó lè rẹ́ wọn jẹ. Oníbàárà méjì kó owó wọn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Ìyá wa wá sórí ẹgbẹ́, ó pe arákùnrin wa ní gbájú-ẹ̀. Arákùnrin wa ní omi ni wọ́n jẹ́ kó wọ inú ẹ̀. Ẹnì kan, n kò ní dárúkọ, ní àwọn tó ń bínú ìyá náà ló fi nǹkan sí i. Mo bá ti ẹgbẹ́ pa, mo ní kí admin nìkan máa sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ kan.

Mo lọ gbé síkéèlì náà wálé. Mo fi nọ́lọ́ọ̀nù wé e, mo gbé e sínú fíríìjì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nọ́ńbà jáde ketekete. Mo gbé e sínú oòrùn lórí páànù, kò pẹ́, ó dúdú. Mo tún gbé e pada sínú fíríìjì, ó là. Mo ya fídíò ẹ̀, mo fi hàn wọ́n. Kò sí omi kankan tó wọ inú ẹ̀, kò sí ayé tó wà nínú ẹ̀, oòrùn ni. Ìyá wa ti ra agboòrùn ńlá, arákùnrin wa san ìdajì owó agboòrùn náà, ọ̀rọ̀ ti tán. Àmọ́ ìdí tí oòrùn fi ń ṣe omi yẹn bẹ́ẹ̀, ó ní ìtàn, ìtàn tó ti lé ní 130 ọdún. Ó dùn gan-an.

Ní sukúù wọ́n kọ́ wa pé nǹkan lè le, ó lè jẹ́ olómi, ó lè di afẹ́fẹ́. Yìnyín, omi, oruku omi. Ẹ wo àdín: nínú ọyẹ́ á dì gbagidi, tẹ́ ẹ bá gbé e sórí iná á yọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ló ń yọ́. Kò sí ẹni tó ń yọ́ àdín lẹ́ẹ̀mejì. Bí gbogbo ayé ṣe rò nìyẹn títí di 1888.

Ní ọdún yẹn, ọkùnrin kan wà ní ìlú Prague, Friedrich Reinitzer lorúkọ ẹ̀. Iṣẹ́ ewéko ló ń ṣe, kò bá omi ojú aago wá rárá. Kárọ́ọ̀tì ló ń yẹ̀ wò. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Kárọ́ọ̀tì, irú èyí tí wọ́n ń kó sínú àpò lórí òkè wa níbí lọ sí Èkó. Ó ń wá cholesterol inú ẹ̀, ó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe to nǹkan náà. Ó wá fi cholesterol yẹn ṣe nǹkan funfun kan tí wọ́n ń pè ní cholesteryl benzoate, ó gbé e sórí iná láti mọ ìwọ̀n ooru tó máa fi yọ́. Tó bá dé 145.5 dígírì, ó yọ́. Àmọ́ omi tó yọ́ náà kò mọ́, ó rí ṣìkìṣìkì bí omi ògì. Reinitzer ò pa iná. Nígbà tó dé 178.5, omi ògì yẹn là lójijì, ó mọ́ gaara bí omi ẹ̀rọ. Ó jẹ́ kó tutù, ó tún padà di omi ògì, àwọ̀ búlúù sì ń kọjá lójú ẹ̀ bó ṣe ń tutù.

Nǹkan kan ṣoṣo, ó yọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Reinitzer mọ̀ pé èyí kọjá òun. Ní 14 March 1888 ó kọ lẹ́tà sí Jámánì, sí Otto Lehmann, nítorí Lehmann ní maikirosíkóòpù kan tí wọ́n lè gbé iná sábẹ́ ẹ̀, tí èèyàn á fi máa wo nǹkan bó ṣe ń yọ́. Mo fẹ́ràn ibi yìí nínú ìtàn náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ti da nǹkan náà nù, wọ́n á ní ó dọ̀tí. Òun kọ lẹ́tà.

Lehmann wò ó títí. Ohun tó rí ni pé omi ògì yẹn ń ṣàn bí omi, ṣùgbọ́n tí ìmọ́lẹ̀ bá gba inú ẹ̀ kọjá, ó ń ṣe ìmọ́lẹ̀ bí kírísítà tí nǹkan inú ẹ̀ tò lẹ́sẹẹsẹ. Ní 1889 ó kọ ọ́ jáde pé kírísítà tó ń ṣàn ló wà níbẹ̀. Orúkọ tó dúró títí dòní ni liquid crystal. Kírísítà olómi ni màá máa pè é.

Ìjà wá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé e fún Lehmann! Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ńlá ní Jámánì, Gustav Tammann ló ṣáájú wọn, ní irọ́ ni. Wọ́n ní omi ògì yẹn kò ju nǹkan méjì tó dà pọ̀ tí kò tíì yọ́ tán lọ. Ẹ rántí epo pupa wa nígbà ọyẹ́ níbí, bó ṣe máa ń rí nínú kẹ́ẹ̀gì: apá kan dì, apá kan ń ṣàn, gbogbo ẹ̀ wá ṣù. Ohun tí Tammann ń sọ gan-an nìyẹn, pé Lehmann ń wo epo pupa nínú ọyẹ́, ó ń pè é ní nǹkan tuntun. Tí ẹ bá rò ó dáadáa, ẹjọ́ Tammann kì í ṣe ẹjọ́ òmùgọ̀. Èmi gan-an ìbá ti gbè é lẹ́yìn.

Ohun tó ṣẹ́gun ẹ̀ ni nọ́ńbà. Nǹkan tó bá dọ̀tí tàbí tó bá lú pọ̀, tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́, tí ẹ tún fọ̀ ọ́, nọ́ńbà tó fi ń yọ́ á máa sún. Àmọ́ ti kírísítà olómi yìí, bó ti wù kí wọ́n fọ̀ ọ́ tó, nọ́ńbà méjèèjì ń padà síbi kan náà. Ní 1890, Gattermann àti Ritschke tún ṣe nǹkan mìíràn fúnra wọn, p-azoxyanisole, tí kò bá kárọ́ọ̀tì tan rárá. Òun náà yọ́ di omi ògì ní nǹkan bí 118, ó sì là ní nǹkan bí 135. Àwọn tó ń jiyàn ń dín kù díẹ̀díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró sórí nọ́ńbà méjèèjì yẹn, torí ibẹ̀ ni gbogbo ìtàn wà. Ààlà méjì ló wà. Ààlà ìsàlẹ̀: tí ooru bá wà lábẹ́ ẹ̀, nǹkan náà dì, kò wúlò. Ààlà òkè: tí ooru bá kọjá ẹ̀, ó ti di omi lásán, kò wúlò bákan náà. Àárín méjèèjì nìkan ló ti ń jẹ́ kírísítà olómi. Fún p-azoxyanisole, dígírì bí 17 péré ni àárín yẹn, orí iná ló sì wà.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ láàárín ibẹ̀? Ẹni tó là á yé wa jù ni Daniel Vorländer, ní Yunifásítì Halle. Òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ ṣe irú nǹkan báyìí lọ́pọ̀lọpọ̀, ọdún lórí ọdún, wọ́n sì rí i pé mólíkù tó bá gùn tó sì tọ́ bí ọ̀pá ló ń ṣe é. Èyí tó bá rí rogodo tàbí tó wọ́, kì í ṣe é. Ẹ mú páálí ìṣáná. Àwọn igi inú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá mi páálí náà díẹ̀, wọ́n á máa yọ̀ lára ara wọn, ọ̀kan á lọ sókè, ọ̀kan á lọ sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn kọjú sí. Bí àárín yẹn ṣe rí nìyẹn. Tí wọ́n bá dì, ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n. Tí ooru bá kọjá ààlà òkè, ẹ da ìṣáná sílẹ̀, oníkálùkù kọjú síbi tó wù ú.

Ní 1922, ọdún tí Lehmann kú, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Georges Friedel, fún àwọn oríṣi rẹ̀ lórúkọ. Èyí tó rí bí ìṣáná mi yìí ló pè ní nematic, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí òwú, torí pé lábẹ́ maikirosíkóòpù ó máa ń rí bí ẹni da òwú sínú omi. Oríṣi yòókù wà, àmọ́ nematic ló ń jẹ́ ká jẹun.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọjà kò tà. Ilé iṣẹ́ Merck ní Darmstadt ti ń ta nǹkan náà fún àwọn onímọ̀ láti nǹkan bí 1904, mo sì máa ń bi ara mi léèrè pé ta ló ń rà á, mélòó ni wọ́n ń tà lọ́dún. Ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, Fréedericksz fi hàn nínú àwọn ọdún 1920 pé mágínẹ́ẹ̀tì àti iná lè yí àwọn ọ̀pá kéékèèké yẹn padà. Marconi tilẹ̀ gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀ ní 1936. Kò sí ohun tó tẹ̀yìn ẹ̀ yọ. Ṣé ẹ rí wàhálà ibẹ̀? Ta ló máa de aago tó gbọ́dọ̀ wà ní 118 dígírì kó tó ṣiṣẹ́? Ẹran á jinná lọ́wọ́ ẹni.

Amẹ́ríkà ló jí i. Ní RCA, níbi tí wọ́n ti ń ṣe rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, Richard Williams fi iná mànàmáná sí kírísítà olómi lórí iná gbígbóná ní 1962, ó rí àwọn ìlà tó ń jáde nínú ẹ̀. George Heilmeier gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Wọ́n ń po oríṣiríṣi pọ̀ títí wọ́n fi rí èyí tó ń ṣiṣẹ́ láìsí iná lábẹ́ ẹ̀. Ní 28 May 1968 wọ́n pe àwọn oníròyìn jọ sí New York, wọ́n fi aago àti ojú nọ́ńbà hàn wọ́n. Gbogbo ayé gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá RCA ò tì í lẹ́yìn tó, Heilmeier sì kúrò níbẹ̀ ní 1970. Àwọn tó ní ọjà lọ́wọ́ tí wọn ò mọ iye ẹ̀! Àwọn ará Japan mọ̀ ọ́n: Sharp gbé kakulétọ̀ EL-805 jáde ní 1973 pẹ̀lú irú ojú tí Heilmeier ṣe.

Ní 1969, ní Frankfurt, Hans Kelker àti Bruno Scheurle ti rí ẹyọ kan tó ń jẹ́ MBBA. Òun ni ẹyọ nǹkan kan ṣoṣo àkọ́kọ́ tó ń ṣe nematic nínú yàrá lásán, láti nǹkan bí 22 sí 47 dígírì. Àwọn onímọ̀ yọ̀ mọ́ ọn. Àmọ́ ẹ gbé e wá sí Jọ́ọ̀sì. Òkè wa níbí ga tó 1,200 mítà, ẹ sì mọ bí òwúrọ̀ January ṣe máa ń rí, tí ẹnu èèyàn ń yọ èéfín, tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń wọ súwẹ́tà méjì. Lábẹ́ 22 la máa ń wà ní ọ̀pọ̀ òru nínú ọdún. MBBA tó bá dì lójú aago, aago ti kú títí oòrùn á fi yọ. Àti pé ó tún ní àìsàn kejì: omi inú afẹ́fẹ́ ń já a sí méjì. Tí ọ̀rinrin bá wọlé díẹ̀, ààlà òkè á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ẹ gbé ìyẹn lọ sí Èkó nígbà òjò kí ẹ wò ó.

Níbí ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wọlé. Ní 1967, mínísítà kan, John Stonehouse, lọ sí Malvern, sí ibi ìwádìí réda àwọn ológun. Ìtàn tí Cyril Hilsum tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ máa ń sọ ni pé inú ń bí mínísítà náà, torí pé owó tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń san fún RCA nítorí túùbù tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ pọ̀ ju owó tí wọ́n ń ná sórí bàálù Concorde lọ. Ó ní kí wọ́n wá ojú tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ tó jẹ́ tiwọn. Stonehouse yìí kan náà ni ó kó aṣọ ẹ̀ sí etí òkun ní Miami ní 1974, ó ṣe bí ẹni tó kú sómi, tí wọ́n wá rí i ní Australia. Ìtàn ọjọ́ mìíràn nìyẹn, ẹ má jẹ́ kí n yà.

Àwọn ará Malvern wá ẹni tó mọ kírísítà olómi. Ọ̀kan ló wà, George Gray, ọmọ Scotland, ní Yunifásítì Hull. Yunifásítì ńlá kọ́ o. Látìgbà tó ti débẹ̀ ní àwọn ọdún 1940 ló ti ń ṣe nǹkan yìí, ó sì ti kọ odindi ìwé lórí ẹ̀ ní 1962, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò ka nǹkan náà sí. Ní 1970 wọ́n fún un ní iṣẹ́. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ kò lọ́ra lẹ́nu: kó má dì nínú òtútù, kó má là nínú oòrùn, kó má bàjẹ́ nínú omi, kó má ní àwọ̀.

Gray wo MBBA àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Mólíkù wọn ní òrùka méjì, wọ́n sì fi afárá kékeré kan so òrùka méjèèjì pọ̀. Afárá yẹn gan-an ni omi ń já. Gray ní, ẹ yọ afárá náà kúrò, ẹ so òrùka mọ́ òrùka. Wọ́n fi ìrù erogba sí ìdí kan, wọ́n fi cyano sí ìdí kejì. Òun, John Nash àti Ken Harrison ni wọ́n ṣe é ní 1972, wọ́n sì kọ ọ́ jáde ní 1973. Wọ́n ń pè é ní 5CB, márùn-ún yẹn ni gígùn ìrù ẹ̀. Kò ní àwọ̀, omi ò ràn án, oòrùn ò bà á jẹ́. Nematic ni láti nǹkan bí 24 sí 35 dígírì.

Ó dára, àmọ́ kò tó. Tí ẹ bá gbé ojú síkéèlì tó jẹ́ 5CB nìkan dé Maiduguri ní April, kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán ó ti kọjá 35. Tẹ́ ẹ bá fa ìrù ẹ̀ gùn sí méje, 7CB, ó lọ sí 30 sí nǹkan bí 43. Ẹ rí i, ààlà òkè gòkè, ààlà ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé e. Tẹ́ ẹ bá fi òrùka kẹta kún un, ààlà òkè á fò kọjá 200, àmọ́ kò ní yọ́ rárá àfi tẹ́ ẹ bá gbé e dé 130. Kò sí ẹyọ kan tó tó. Èyí tó ga lókè, ó ga nísàlẹ̀.

Ohun tó tú ọ̀rọ̀ yìí, ọmọ Jọ́ọ̀sì kankan kò gbọdọ̀ béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ òyìnbó. Kuza. Ilẹ̀ tí a tẹ̀ yìí, kuza ni wọ́n tìtorí ẹ̀ gbẹ́ ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, tí gbogbo Bukuru fi kún fún ọ̀fìn omi. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń tún rédíò ṣe. Kuza nìkan ń yọ́ ní 232 dígírì. Òjé nìkan ń yọ́ ní 327. Ẹ pò wọ́n pọ̀, 63 kuza, 37 òjé, ó ń yọ́ ní 183. Ó rẹlẹ̀ ju ti àwọn méjèèjì lọ! Lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi ń jó wáyà nìyẹn. Nǹkan méjì tí kò jọra tó, tí wọ́n bá lú ara wọn ní ìwọ̀n tó tọ́, wọn kì í jẹ́ kí ara wọn dì ní kíá.

Peter Raynes ní Malvern lo ọgbọ́n kan náà fún àwọn ọ̀pá Gray. Ààlà ìsàlẹ̀ máa ń jábọ́ tí wọ́n bá po oríṣi pọ̀, àmọ́ ààlà òkè kì í jábọ́ bẹ́ẹ̀, àárín ti àwọn tó wà nínú ẹ̀ ló máa ń dúró sí. Ibi tí èrè wà nìyẹn. Kò sì máa pò ó bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò, ó fi ìṣirò wá ìwọ̀n ẹ̀ kó tó pò ó. Èyí tó jáde ni wọ́n ń pè ní E7: 51 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ 5CB, 25 jẹ́ 7CB, 16 jẹ́ ọ̀kan tó ní oxygen nínú ìrù ẹ̀, 8 tó kù sì jẹ́ olórùka mẹ́ta yẹn. Láti nǹkan bí 10 lábẹ́ òdo títí dé 60 dígírì. Ilé iṣẹ́ BDH ní Poole ń pò ó tà fún gbogbo ayé, títí kan Japan. Merck sì ra BDH. Merck tó ti ń tà á láti 1904 yẹn. Ẹni tó bá ní sùúrù lórí ọjà ẹ̀, hàbà!

Èmi rò pé E7 ṣe pàtàkì ju ìpàdé oníròyìn New York lọ. RCA fi aago hàn. Àwọn tó po E7 ló jẹ́ kí aago náà lè kúrò nínú yàrá.

Ó ku ìdí tó fi ń dúdú. Ní December 1970, Martin Schadt àti Wolfgang Helfrich ní Basel, ní Switzerland, gba ọ̀nà tuntun. James Fergason ní Ohio náà ní òun ló ṣe é, wọ́n fa ìwé àṣẹ ẹ̀ mọ́ra wọn lọ́wọ́ gan-an. Bó ṣe rí rèé. Ẹ fojú inú wo géètì onírin tí ọ̀pá ẹ̀ dúró lóòró. Páálí pẹlẹbẹ tó dúró lóòró á gba àárín ọ̀pá kọjá. Géètì kejì wà níwájú, ọ̀pá tiẹ̀ dùbúlẹ̀. Páálí náà ò lè kọjá, àfi tẹ́nì kan bá yí i dùbúlẹ̀ láàárín géètì méjèèjì. Ìmọ́lẹ̀ ni páálí náà, ike pẹlẹbẹ méjì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì ni géètì méjèèjì. Ẹni tó ń yí i ni kírísítà olómi: àwọn ọ̀pá inú ẹ̀ tò yípo bí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, ìmọ́lẹ̀ á tẹ̀ lé wọn yípo, á kọjá. Ojú síkéèlì á funfun. Níbi tí nọ́ńbà bá wà, iná bátìrì á mú àwọn ọ̀pá náà dìde nàró, àtẹ̀gùn ti bàjẹ́ níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ò kọjá, ibẹ̀ á dúdú. Nọ́ńbà yín nìyẹn.

Tí oòrùn bá wá mú omi náà kọjá ààlà òkè, ìṣáná ti dà sílẹ̀. Kò sí àtẹ̀gùn níbì kankan mọ́. Gbogbo ojú ẹ̀ ni géètì ti tì pa. Ó dúdú látòkè délẹ̀. Tó bá tutù, àwọn ọ̀pá á tún ara wọn tò fúnra wọn, kò ní í ṣe pẹ̀lú mẹ́káníìkì.

Wáyà tó ń gbé iná náà dé ojú gíláàsì, ẹ kò lè rí i, torí pé ó mọ́ bí gíláàsì. Indium àti kuza ni wọ́n fi ṣe é, tí wọ́n jẹ́ kí wọ́n dípẹtà pọ̀. N ò sọ pé kuza Bukuru ló wà lójú síkéèlì yín o. Ṣùgbọ́n kuza wà níbẹ̀.

Báyìí, fún ẹ̀yin oníṣòwò. Ẹ wo ẹ̀yìn páálí ọjà, ẹ máa rí ibi tí wọ́n kọ ìwọ̀n ooru sí. Ọ̀pọ̀ síkéèlì kékeré kọ 0 sí 40. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé inú ilé ni wọ́n ṣe é fún. Nǹkan dúdú tó wà nínú oòrùn gbangba gbóná ju afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ lọ dáadáa, iwájú ọkọ̀ tí wọ́n tì pa nínú oòrùn sì lè kọjá 60, nítorí náà ẹ má fi ọjà sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ojú tí wọ́n ń ṣe fún ọkọ̀ àti fún mítà ìta, omi mìíràn ló wà nínú wọn, wọ́n po oríṣi mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ààlà òkè wọn lé ní 80. Ó wọ́n díẹ̀, ẹ san án.

Dúdú tó bá kárí gbogbo ojú ẹ̀ lọ́sàn-án tó sì là lálẹ́, ooru ni, ẹ gbé e síbi tútù. Dúdú tó bá bẹ̀rẹ̀ láti igun kan, tó rí bí ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ awọ, tí kò lọ nígbà tó tutù, gíláàsì ló fọ́, ìyẹn ti parí. Èyí tí nọ́ńbà ẹ̀ ń ṣí lọ fúyẹ́fúyẹ́, bátìrì ni lọ́pọ̀ ìgbà.

Ẹni tó béèrè nípa òtútù: ọyẹ́ Jọ́ọ̀sì kò tó láti mú un dì. Omi náà á kàn nípọn, nọ́ńbà á lọ́ra kó tó yí. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń ta ẹja dídì, tí ẹ ń gbé síkéèlì wọ inú kóòdù rúùmù, ibẹ̀ yàtọ̀. Ìta ni kí ẹ ti máa wọn ọn.

Fóònù ńkọ́? Ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú ṣì jẹ́ kírísítà olómi, àmọ́ oríṣi tó lè fara da ooru. Àwọn olówó ńlá ti lọ sí OLED, kò sí omi nínú ìyẹn. Tí fóònù bá ní òun gbóná jù, bátìrì àti ọpọlọ ẹ̀ ló ń ṣàánú, kì í ṣe ojú.

Gray gba ẹ̀bùn Kyoto ní Japan ní 1995, ó kú ní 2013. Ó ti lé ní 85 ọdún.

Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ti kú, bátìrì mi wà ní 9. Ẹ fi ìbéèrè sílẹ̀ lábẹ́, màá fèsì láàárọ̀ kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Sai da safe, ó dàárọ̀ o.